Ọ̀jẹ́ládé: Ọmọ Oníṣòwò Tó Ti Bàhíà Lọ sí Èkó

 

Ọdọọdún làwọn kan nínú wa máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó, Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́. Ọjà ni wọ́n ń bá lọ. Wọ́n fẹ́ ra ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀, obì, orógbó, ìrùkẹ̀rẹ̀ àti aṣọ òkè lọ́pọ̀, kí wọ́n kó o wá tà fún àwa tá a wà lẹ́yìn odi. Tí wọ́n bá dé, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni iye tí wọ́n rà á. Ó ṣọ̀wọ́n ká tó bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ ojúlówó.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ti ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ mú dání lọ sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1875. Bàbá yẹn ń ra ẹrù ní Èkó, ó ń kó o wá sí Bàhíà. Àmọ́ ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó kó lọ kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ yẹn sì lo ọdún 11 níbẹ̀. Ẹrù tí bàbá kó dé ti tán tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ọmọ kó dé, a ṣì ń jẹ nínú rẹ̀ títí dòní.

Orúkọ ọmọ náà ni Martiniano Eliseu do Bonfim. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ ni Ọ̀jẹ́ládé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè, ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: ọ̀jẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, orúkọ àwọn tó ń bọ Egúngún sì nìyẹn.

Ilé tí wọ́n bí i sí

Ní ọdún 1859 ni wọ́n bí i nílùú Salvador, ní Bàhíà, ilẹ̀ Bràsíìlì. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá Martiniano. Wọ́n kó o lẹ́rú kọjá òkun wá sí Bàhíà. Òun àti ìyá ọmọ náà ti gba òmìnira kí wọ́n tó bí Martiniano, nítorí náà wọn ò bí i sóko ẹrú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin Bràsíìlì ìgbà yẹn ya bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. Ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà, bó tiẹ̀ ti gba òmìnira, àlejò ni lójú òfin. Kì í ṣe ọmọ ìlú. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Bàhíà lómìnira, ọmọ ìlú ni. Òfin ọdún 1831, tó ní kí wọ́n má ṣe kó ẹrú wọlé mọ́, ní ẹ̀ka kan nínú tó sọ pé ẹni tó bá ti gba òmìnira tí kì í ṣe ọmọ Bràsíìlì kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Bràsíìlì. Lẹ́yìn tí àwọn Málè, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà, dìde ogun ní Salvador lóṣù kìíní ọdún 1835, nǹkan tún le sí i. Ìjọba Bàhíà lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí Áfíríkà. Wọ́n bu owó orí lé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira, wọ́n sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀.

Ẹ wá ro ó wò. Ọmọ Áfíríkà tó ń ṣòwò láti Bàhíà lọ sí Èkó mọ̀ pé òun lè lọ. Ohun tí kò dá a lójú ni bóyá wọ́n á jẹ́ kóun padà wọlé sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ òun. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ń wọkọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀mí wọn sọ́wọ́ òkun àti sọ́wọ́ ìjọba. Kí ló lè mú èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀? Owó wà níbẹ̀, ká má parọ́. Àmọ́ owó nìkan kọ́.

Ẹrù tó ń lọ, ẹrù tó ń bọ̀

Láti Bàhíà, wọ́n máa ń kó tábà lọ sí etíkun wa. Tábà yẹn ni wọ́n máa ń fi oje ìrèké dúdú pa lára, tí wọ́n á wá ká a bí okùn. Àwọn èèyàn etíkun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n tún ń kó ọtí ìrèké àti sìgá lọ. Ní Èkó, wọ́n á ra aṣọ òkè, obì, orógbó, ataare, epo pupa, ọṣẹ dúdú, owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀, igbá àti ìkó.

Ẹni tó bá ti dé Bàhíà yóò ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí níbẹ̀. Aṣọ òkè di pano da costa, ọṣẹ dúdú di sabão da costa, ataare di pimenta da costa, ìkó di palha da costa. Costa tí wọ́n ń wí ni etíkun, ìyẹn etíkun Áfíríkà. Obì ni wọ́n ń pe obì, orógbó ni wọ́n sì ń pe orógbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kọ ọ́ ní orobô. Nǹkan tí wọ́n ń tà lọ́jà fún jíjẹ àti wíwọ̀ lásán lè gba orúkọ tuntun. Obì àti orógbó tí a fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀ kò gba orúkọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí obì, torí òun ló fi bí òwò yìí ṣe rí hàn wá jù. Obì kì í ṣe ìṣó tí èèyàn lè kó sínú àpótí, kó kàn án pa, kó gbàgbé rẹ̀. Ohun tó ní ẹ̀mí ni. Tí ó bá gbẹ, ó bàjẹ́. Tí omi bá pọ̀ lára rẹ̀, ó rà. Tí kòkòrò kan bá wọ inú apẹ̀rẹ̀, láìpẹ́ ó lè kárí gbogbo rẹ̀. Ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, ewé náà ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á sì máa tú u wò, wọ́n á máa ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Ọkọ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́ a máa lo ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ lójú òkun. Oníṣòwò tí kò bá mọ obì yàn láti Èkó, ìdajì owó rẹ̀ ti ṣòfò kó tó rí òkè Salvador lọ́ọ̀ọ́kán.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé irú obì wà. Obì àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lòun tí a fi ń bọ òrìṣà. Gbànja alawẹ́ méjì, ti jíjẹ ni. Alágbàtà ní Èkó lè kó èyíkéyìí fún ẹ, owó rẹ ló ń wò. Tí o bá kó gbànja dé Bàhíà fún ìyá olórìṣà tó fẹ́ dá obì, ọjà ló kó dé, kì í ṣe obì tí wọ́n rán ẹ. Ní Kúbà, níbi tí obì kò ti rọrùn láti rí, àgbọn ló gba ipò rẹ̀. Àwọn ará wa níbẹ̀ sì ń pe àgbọn yẹn ní obì títí dòní. N kò bá wọn wí o. Ohun tí ọwọ́ bá tó la fi ń bọ òrìṣà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé bí ọkọ̀ ọjà kò bá dé, ìsìn fúnra rẹ̀ á yí padà.

Irú òwò tí bàbá Martiniano ń ṣe nìyí. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ohun tóun ń kó wọlé kò ní tó, tí kò bá sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Ọdún 11 ní Èkó

Ọmọ bí ọdún 15 ni Martiniano nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Èkó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀ láti ọdún 1861. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ èèyàn bíi tiwọn níbẹ̀, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n tàbí àwọn bàbá wọn ti ṣẹrú ní Bràsíìlì tí wọ́n padà wálé. Àdúgbò Pópó Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Káfíńtà, bíríkìlà àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, wọ́n sì ń se ẹ̀wà alágbọn tí Èkó ń pè ní fùréjọ̀n. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà yìí ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tí wọ́n parí ní ọdún 1881. Ojú Martiniano ni ilé yẹn ṣe ga.

Ọmọ tó bá fẹ́ lè jókòó sí Pópó Àgùdà kó má sọ ju Potogí lọ. Martiniano kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì ní Fàájì, níbẹ̀ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kíkà àti kíkọ. Nígboro ló ti gbọ́ Yorùbá bí àwọn tó bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ó sì tún kọ́ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nárì kò lè kọ́ ọ: ó kọ́ Ifá, ó di babaláwo.

Ẹ wo bí ayé ọmọ yìí ṣe rí. Ní ọ̀sán, wọ́n ń kọ́ ọ pé kó fi òrìṣà sílẹ̀. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń kọ́ ọ ní Ifá. Kò sọ ọ̀kan nù torí èkejì. Ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ní ìwé, ó gba awo lọ́wọ́ àwọn tó ni awo.

Nǹkan ò rọgbọ nílẹ̀ Yorùbá lásìkò yẹn. Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ogun àárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ó sì fà á gùn títí di ọdún 1893. Àwọn ọ̀nà tí ẹrù ń gbà láti òkè dé Èkó a máa dí nígbà míì, wọn a tún ṣí i. Ẹni tó bá ń ra ọjà ní Èkó nígbà náà kò lè dúró sí etí omi kó máa pariwo iye. Ó ní láti mọ ibi tí ogun dé, ẹni tó ṣì ń rí ọ̀nà gbà, ìlú tí ẹrù ti wá. Gbogbo ìyẹn, èdè ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Alágbàtà kì í sọ òtítọ́ ọjà fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Bí oníṣòwò bá lo oṣù díẹ̀ ní Èkó, ó ti pẹ́. Ọdún 11 ni Martiniano lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ohun tí bàbá ṣe fún un ju ìrìn àjò ọjà lọ. Ó ná owó tí ì bá fi kún ẹrù lórí ẹ̀kọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá fi ìwé ìṣirò wò ó lọ́dún yẹn, àdánù ni.

Ìpadàbọ̀

Ní ọdún 1886, Martiniano padà sí Bàhíà. Ó ti di ọkùnrin tó lé lẹ́ni ọdún 25. Oko ẹrú ṣì wà ní Bràsíìlì nígbà tó dé. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí i. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin dúdú tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ Yorùbá, tó ń sọ Potogí, tó sì ń dá Ifá, tó ń rìn kọjá níwájú àwọn tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn bíi tirẹ̀.

Kí ló fi ṣiṣẹ́ ṣe? Ó ń kọ́ àwọn dúdú tó rọ́wọ́ mú ní Salvador ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ kọ́ ọ. Èkó tí wọ́n ń bá ṣòwò wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ẹrù, ìwé owó orí ẹrù, ọkọ̀ tuntun tó ń lo èéfín, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí gbogbo wọn.

Láàárín ọdún 1890 sí 1899, dókítà kan tó ń jẹ́ Nina Rodrigues bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí nípa àwọn dúdú Bàhíà. Martiniano wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́, ó ń túmọ̀ èdè fún un. Ọ̀rọ̀ yìí korò díẹ̀ o. Dókítà yìí gbà pé àwọn dúdú kò tó àwọn funfun, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ lónìí nípa ìsìn òrìṣà ní Bàhíà ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti kà á, ẹnu àwọn bíi Martiniano ló sì ti jáde. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Bràsíìlì kò jáde títí di ọdún 1932, lẹ́yìn tó ti kú tipẹ́. Martiniano ṣì wà láyé nígbà yẹn.

Ìyá Aninha àti ìsọ̀ rẹ̀

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀nà Èkó ń jìnnà sí i. Òkun kò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ ni kò wá mọ́. Liverpool ni àwọn ọkọ̀ èéfín Gẹ̀ẹ́sì ń lọ láti Èkó, wọn kì í ya Bàhíà. Àwọn àgbà tí wọ́n bí ní Áfíríkà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ òkè di ọ̀wọ́n, obì di ọ̀wọ́n, ẹni tó mọ ìyàtọ̀ àárín ojúlówó àti ayédèrú sì di ọ̀wọ́n jù wọ́n lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà Martiniano ti pàdé ti Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Aninha. Ọdún 1869 ni wọ́n bí i. Ẹ gbọ́ èyí o: kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti inú àwọn Gurunsi, tí ilẹ̀ wọn wà ní àríwá Ghana àti Burkina Faso òde òní. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó di ètò ilé òrìṣà àwọn Nàgó mú jù ú lọ ní Bàhíà. Obìnrin oníṣòwò náà ni. Ó ní ìsọ̀ ní Pelourinho, tó ti ń ta nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà àti nǹkan òrìṣà. Ní ọdún 1910 ló dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ fún Ṣàngó, ní São Gonçalo do Retiro.

Ìyá Aninha ní ìsọ̀, ó ní ilé, ó ní àwọn ọmọ òrìṣà. Martiniano ní èdè, ó ní Ifá, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí Èkó. Àwọn méjèèjì gbára lé ara wọn. Ẹni tó ń ta ẹrù nílò ẹni tó mọ ìdí ẹrù.

Láàárín wọn ni ètò Ọba méjìlá Ṣàngó ti jáde ní Òpó Àfọ̀njá ní nǹkan bí ọdún 1936: mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ máa mọ púpọ̀ nínú orúkọ oyè wọn: Abíọ́dún, Oníkòyí, Arẹ̀sà, Olúgbọ́n. Àwọn onímọ̀ kan ti ń jiyàn látìgbà yẹn pé irú ìgbìmọ̀ méjìlá yìí kò sí l'Ọ́yọ̀ọ́ bó ṣe wà ní Bàhíà. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ mo tún rò pé ìdájọ́ wọn ti yá jù. Martiniano kò jí ètò kan kó. Ó mú orúkọ àwọn oyè tó wà nílẹ̀, ó fi kọ́ odi yí ilé ká ní Bàhíà, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà tí wọ́n ń kó ìlù lọ. Ilé tó bá ní àwọn ọkùnrin onípò méjìlá tó ń dáàbò bò ó, kò rọrùn láti ya wọ̀. Aṣọ tí wọ́n hun l'Ọ́yọ̀ọ́, tí télọ̀ Bàhíà gé, tó sì bo èèyàn lásìkò òtútù, ṣé ayédèrú aṣọ la máa pè é ni?

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀

Lóṣù kìíní ọdún 1937, wọ́n ṣe àpérò kejì lórí àwọn dúdú Bràsíìlì ní Salvador. Édison Carneiro wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Martiniano ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ọlọ́lá àpérò náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn Ọba Ṣàngó. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀ ló jókòó síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn ilé òrìṣà Bàhíà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn, òun ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1938, Ìyá Aninha papòdà. Àwọn tó bá Martiniano sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, bíi Ruth Landes tó wá láti Amẹ́ríkà, bá àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ṣì ń rìn pẹ̀lú ọlá, àmọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Lójú rẹ̀, àwọn tó kù kò mọ nǹkan ṣe bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n ní ẹrù, wọ́n ní ìlù, wọ́n ní aṣọ. Ẹni tí wọ́n á bi ní ìbéèrè ló ń tán lọ.

Bóyá ó le jù. Àgbà kì í ṣàì rò pé ayé ti bàjẹ́ lẹ́yìn òun. Òpó Àfọ̀njá kò ṣá, ó wà títí dòní. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé, torí ó mọ iye ọdún tó gba òun láti kọ́ ohun tóun mọ̀.

Ní ọdún 1940, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí èdè, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dé Bàhíà. Ó gba ohùn Martiniano sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Fàájì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ohùn yẹn kò ṣègbé, ó wà ní Yunifásítì Indiana títí dòní. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1943, Baba Ọ̀jẹ́ládé lọ sílé. Ó ti lé ní ẹni ọdún 80.

Kí la rí kọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ ra ọjà nílé, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Láìsí àwọn oníṣòwò, obì ì bá má dé Bàhíà, ilé òrìṣà ì bá ti ṣófo. Owó tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ tọ́ sí wọn. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ́ èdè tó lè tó yín béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń tà: Níbo ló ti wá? Ta ló ṣe é? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe níbi tó ti wá? Ẹni tí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Tẹ́ ẹ bá sì ní ọmọ tàbí ọmọ òrìṣà kan tó ń fetí sílẹ̀, ẹ mú un dání. Ẹ má ṣe fi í gbé ẹrù lásán. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà, bó tiẹ̀ máa dín èrè ọdún yẹn kù. Ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ṣòwò ní Bàhíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1875, ìdí nìyẹn tá a fi rántí rẹ̀ lónìí, bí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ iye èrè tó jẹ.

Ìbà Baba Ọ̀jẹ́ládé. Ìbà Ìyá Aninha. Ìbà gbogbo àwọn tó fi ẹ̀mí wọn la òkun kí obì má baà wọ́n wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ o.